Àwọn Ìwé Tí Mo Gbá Nílẹ̀ Ilé Àpérò

6.

…tí ẹnìkan ti tutọ́ tábà sí i létí, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà. Mo fi aṣọ iṣẹ́ mi nù ún.

> ÀBÁ LÁTI ẸNU Ọ̀GBẸ́NI ORVILLE PRUETT
> Kí a kọ ọ́ sínú òfin ìpilẹ̀ pé ènìyàn dúdú kankan kò gbọdọ̀ wọ ìpínlẹ̀ yìí wá tẹ̀dó mọ́.
> Àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òfin tó múlẹ̀, kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé àgbègbè wọn.
> Ẹni tó bá gba àjèjì dúdú sílé, kó san ìtanràn. Kí a fi ìtanràn náà kó wọn lọ sí Áfíríkà.

Ẹnìkan ya ẹṣin sí ẹ̀yìn ìwé náà. Ẹṣin tó lẹ́wà ni, ó ní gọ̀gọ̀, ó ní pátákò. Ẹni tó yà á ní sùúrù gan-an.

7.

Ẹ má bínú, àárín ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan sí márùn-ún wà nínú ààrò. Èmi fúnra mi ni mo sọ wọ́n sí i lọ́jọ́ tí inú ń bí mi. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n mi ò jó ìwé mọ́.

Mahala Roan lorúkọ mi. Èmi ni mò ń gbá ilé àpérò, tí mò ń kó eérú, tí mò ń fọ agolo itọ́ àwọn àádọ́jọ ọkùnrin tí ìpínlẹ̀ yìí yàn pé kí wọ́n wá kọ òfin ìpilẹ̀ tuntun. Oṣù Kẹwàá ọdún 1850 ni wọ́n jókòó. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ní àga, ó ní tábìlì kékeré, ó ní ìgò tàdáwà kan.

Wọn ò mọ̀ pé mo mọ̀wé. Kò sẹ́ni tó bèèrè. Ohun tí wọ́n bá jù sílẹ̀, mo máa ń kà á kí n tó gbá a.

"Àǹtí Mahala" ni wọ́n ń pè mí. Ẹ má rò pé ọ̀wọ̀ ni o. Wọn ò kàn fẹ́ pè mí ní Ìyáàfin Roan ni.

8.

OHUN TÍ WỌ́N FI ỌJỌ́ MẸ́TA JIYÀN LÉ LÓRÍ
— bóyá kí àlùfáà máa gbàdúrà láràárọ̀ tàbí lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìkan
— bóyá kí ẹfọ̀n tó wà lára èdìdì ìpínlẹ̀ kọjú sí ọ̀tún tàbí sí òsì
— ta ló gbé fìlà aṣojú tó jókòó nítòsí fèrèsé

OHUN TÍ WỌ́N FI ÌDAJÌ ÒWÚRỌ̀ JIYÀN LÉ LÓRÍ
— èmi

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Àwọn tèmi yìí ò tiẹ̀ rí ẹ̀tẹ̀ náà.

9.

Lẹ́tà. Ìyàwó alábòójútó ogún ọ̀gá tí ìyá mi ń ṣẹrú fún ló bá a kọ ọ́, nítorí ìyá mi ò mọ̀wé.

> Òdìkejì odò, ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, 1850
>
> Mahala ọmọ mi,
> Ọ̀gá àgbà ti kú. Wọ́n ka ìwé ogún rẹ̀ sí wa létí lábẹ́ igi. Ó ní kí wọ́n dá mi sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà, mo sì gbọdọ̀ fi àmì sí ọ̀kan kí oṣù Kìíní tó parí.
> Ọ̀nà kìíní: kí n bá àwọn tó kù lọ sí Kánádà nígbà tí yìnyín bá yọ́. Tá a bá ti débẹ̀, a ti di òmìnira.
> Ọ̀nà kejì: kí n dúró ti opó ọ̀gá títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n wá dá mi sílẹ̀ kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ.
> Mi ò mọ ẹnì kankan ní Kánádà. Ìwọ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ará ọ̀hún yín ń kọ òfin kan nípa wa. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ohun tí o bá ní kí n ṣe ni màá ṣe.
> Ìyá rẹ, Tamar

9.

*Ohun tí o bá ní kí n ṣe ni màá ṣe.*

10.

OHUN TÍ MO MỌ̀ NÍPA ÌYÁ MI
Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, bí òun náà ṣe rò ó.
Ó kúrú.
Iná jó o lọ́rùn lápá òsì, nídìí ìkòkò tí wọ́n fi ń se ọṣẹ.
Kò sí èékánná lórí àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún.
Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu.

Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo rí i gbẹ̀yìn. Ọmọ ọ̀gá ló mú mi sọdá odò nígbà tó ń relé ọkọ. Adájọ́ ìhín wá sọ pé ẹni tó bá ti ń gbé ilẹ̀ yìí kì í ṣe ẹrú mọ́. Ọjọ́ kan náà ni mo di òmìnira, tí mo sì pàdánù ìyá.

11.

ÌHÍN ODÒ, àbá Pruett: *Ẹni dúdú kò gbọdọ̀ wọlé.*

Ọ̀HÚN ODÒ, òfin ìpilẹ̀ tiwọn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ: *Ẹrú tí a bá dá sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró. Bó bá dúró, kí a tún un tà.*

LÁÀÁRÍN: omi.

12.

Ọ̀gbẹ́ni Lemuel Thackston ni aṣojú àgbègbè wa. Agbẹjọ́rò ni, opó ọkùnrin, ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Almira. Lọ́dún 1849 tí àrùn onígbáméjì jà, àwọn aládùúgbò sá. Èmi ni mo gbé Almira lé èjìká, orí rẹ̀ wà lọ́rùn mi fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ó yè é. Bàbá rẹ̀ sunkún nínú ilé ìdáná mi bí ọmọdé.

Ohun tá a jọ sọ nílé àpérò rèé, nígbà tí mo ń da eérú:

THACKSTON: Fọkàn balẹ̀, Mahala. Àbá Pruett ò ní rìn jìnnà.

ÈMI: Ẹ̀yin náà á lòdì sí i, sà?

THACKSTON: Ó tún yẹ kó o máa bi mí? Lẹ́yìn ohun tó o ṣe fún Almira?

ÈMI: Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni. Ìyá mi ló ń dúró dè é.

THACKSTON: Màá dìde lòdì sí i. O gbọ́? Èmi ni màá kọ́kọ́ dìde.

13.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní, 1851. Mo wà lẹ́yìn, mò ń to igi sẹ́bàá ààrò. Alága sọ̀kalẹ̀ lórí àga gíga rẹ̀, ó fi òòlù lélẹ̀, ó lọ jókòó láàárín àwọn yòókù. Ẹlòmíì gun àga náà. Mo rò pé ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n ọ́n ni.

PRUETT: Mi ò kórìíra wọn o! Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Àǹtí Mahala nìyí, ó ń fọ itọ́ mi lójoojúmọ́. Àǹtí!

ÈMI: Sà.

PRUETT: Ṣé mo ti bú ẹ rí?

ÈMI: Rárá, sà.

PRUETT: Ẹ gbọ́! Ṣé mo ti nà ẹ́ rí?

ÈMI: Rárá, sà.

ẸNÌKAN LÁTI Ẹ̀YÌN: Pruett, itọ́ rẹ kì í tiẹ̀ débi agolo, ìyẹn gan-an ìyà ni!

(Ẹ̀rín.)

PRUETT: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn tó wà nílé ti tó. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó kù, kí wọ́n lọ sí Áfíríkà tí wọ́n ti wá.

Ìyá mi ò ti Áfíríkà wá. Ìdí ìkòkò ọṣẹ ló ti wá.

Wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ abala òfin tí Pruett dábàá náà dìde: 58. Wọ́n ní kí àwọn tó lòdì dìde. Thackston ló kọ́kọ́ dìde bó ṣe wí, àga rẹ̀ sì ṣubú sẹ́yìn. 71.

Abala náà ṣubú. Igi tó wà lọ́wọ́ mi náà já bọ́.

PRUETT: Kí nìyẹn?

HOFER, BÀBÁ TÓ Ń ṢỌ́ ILẸ̀KÙN: Àǹtí Mahala ni. Igi ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

14.

> Màmá,
> Abala náà ti ṣubú. Mo wà níbẹ̀, mo fojú ara mi rí i. 71 sí 58. Ẹ má lọ Kánádà. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi àmì sí. Enoch ọkọ mi ti ń kan bẹ́ẹ̀dì yín, ó ní òun fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ga tó, mo ní ẹ ò ga.
> Ọmọ yín, Mahala

15.

Mo purọ́ ní 13. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù lọ.

16.

> Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kìíní. Láti ọ̀dọ̀ alábòójútó ogún.
> Tamar ti fi àmì rẹ̀ sí ọ̀nà kejì. X. A ti ti ìwé àwọn tó ń lọ Kánádà. A kò ní ṣí i mọ́.

17.

Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́nu àtẹ̀gùn. Mo lọ bá Hofer.

ÈMI: Bàbá Hofer, wọ́n ní abala Pruett tún ń bọ̀ lọ́la. Ṣebí ó ti ṣubú?

HOFER: Níbo ló ti ṣubú?

ÈMI: Nínú ilé yìí ni! Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ pé igi ló já bọ́.

HOFER: Ìgbìmọ̀ ló ṣe ìyẹn.

ÈMI: Ìgbìmọ̀ wo? Gbogbo wọn ló jókòó!

HOFER: Òun náà ni. Ìgbìmọ̀ gbogbo ilé. Tí alága bá ti sọ̀kalẹ̀, wọn kì í ṣe àpérò mọ́. Wọ́n di ìgbìmọ̀. Wọ́n á sọ ohun tó wù wọ́n, wọ́n á dìde, wọ́n á jókòó, wọn kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, alága á padà gun àga, ìgbìmọ̀ á sì jábọ̀ fún àpérò. Àpérò lè gbà, ó lè kọ̀.

ÈMI: Ta ni ìgbìmọ̀?

HOFER: Àwọn ni.

ÈMI: Ta ni àpérò?

HOFER: Àwọn náà ni.

ÈMI: Wọ́n ń jábọ̀ fún ara wọn?

HOFER: Bẹ́ẹ̀ ni.

ÈMI: Wọ́n tún lè ní àwọn ò gba ohun tí àwọn sọ?

HOFER: Mahala, ogún ọdún ni mo ti ń ṣọ́ ilẹ̀kùn fáwọn aṣòfin. Mi ò tíì bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn rí.

18.

> Màmá. Ẹ má tíì fi àmì sí i. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má tíì fi àmì sí i. Ẹ má

(Mi ò fi ránṣẹ́. Lẹ́tà 16 ti wà lórí tábìlì mi.)

19.

ÌPÈ ORÚKỌ. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní. Alága wà lórí àga rẹ̀. Akọ̀wé ń pe orúkọ, ó ń kọ èsì síwájú rẹ̀.

> Stroud — bẹ́ẹ̀ kọ́
> Tabor — bẹ́ẹ̀ ni
> Teague — bẹ́ẹ̀ ni
> Thackston —
> Thackston —
> Thackston — bẹ́ẹ̀ ni
> Tilley — bẹ́ẹ̀ ni

Bẹ́ẹ̀ ni: 93. Bẹ́ẹ̀ kọ́: 40.

Ọkùnrin kan náà. Àga kan náà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré.

20.

Lórí àtẹ̀gùn, ọjọ́ kejì.

ÈMI: Ẹ dìde lọ́jọ́ yẹn. Mo rí yín.

THACKSTON: Gbọ́ mi, Mahala. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rí ọkàn mi ló dìde. Lánàá, orúkọ ni wọ́n ń kọ. Wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Àwọn ará àgbègbè mi á kà á.

ÈMI: Ará àgbègbè yín lèmi náà.

THACKSTON: Ìwọ kì í dìbò.

(Mo yí agolo eérú sí ọwọ́ kejì.)

THACKSTON: Mi ò fi bú ẹ o.

ÈMI: Torí pé ẹ dìde ni ìyá mi ṣe fi àmì sí ìwé. Wọ́n ti ti Kánádà mọ́ ọn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ni wọ́n máa dá a sílẹ̀. Ìgbà wo ni òfin yín máa múlẹ̀?

THACKSTON: Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá.

ÈMI: Oṣù kan.

THACKSTON: Oṣù kan.

ÈMI: Ẹ̀yin lẹ wà nínú àwọn tó ń yan ọjọ́. Ẹ sún un sí ọdún tuntun. Ọjọ́ nìkan ni mò ń bẹ̀ yín fún. Mi ò ní kí ẹ fẹ́ràn wa.

THACKSTON: Kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Màá kà á fún wọn.

ÈMI: Ẹ̀yin fúnra yín ò lè dá a lábàá?

THACKSTON: Kọ ọ́, Mahala.

Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ojú ń ta mí, kò sì sí ẹlòmíì tó lè fẹ́ ẹ.

21.

ÌWÉ Ẹ̀BẸ̀, àkọ́kọ́:
> Ẹ̀yin òpùrọ́,

ÌWÉ Ẹ̀BẸ̀, ìkejì:
> Sí àwọn ọlọ́lá tí mo mọ itọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn nípa òórùn,

ÌWÉ Ẹ̀BẸ̀, ìkẹta, tí mo fún un:
> Sí àpérò ọlọ́lá. Obìnrin dúdú kan, ará ìpínlẹ̀ yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún, ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí abala tuntun náà múlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852 dípò oṣù Kọkànlá, kí ìyá rẹ̀ arúgbó lè rí ibi wọ̀. Kò bèèrè ohun mìíràn.

Ọwọ́ mi ló kọ "ìrẹ̀lẹ̀" yẹn. Kò sí nínú mi.

22.

Láti inú àkọsílẹ̀ wọn, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì:

> Ọ̀gbẹ́ni Thackston ka ìwé ẹ̀bẹ̀ kan. Ọ̀gbẹ́ni Pruett dábàá pé kí a gbé e sórí tábìlì. A gbé e sórí tábìlì.

23.

Èmi ni mò ń nu tábìlì náà. Mo mọ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo mọ ibi tí òòlù alága ti dá ọgbẹ́ sí i lára. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Mo wá a kiri. Mo rí i nínú àpótí akọ̀wé, nísàlẹ̀, wọ́n fi okùn pupa dì í mọ́ àwọn mìíràn. Mo kà wọ́n: mọ́kànlélógójì. Ọkùnrin afọ́jú kan ń bẹ̀ wọ́n nítorí ilé ìwé. Àwọn obìnrin mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ń bẹ̀ wọ́n kí ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún wọn má di ti ọkọ. Èmi ni mo wà lókè.

Nínú ilé yẹn, wọn kì í sọ pé àwọn sin nǹkan. Wọ́n á ní àwọn gbé e sórí tábìlì.

24.

ENOCH: Jẹ́ kí n wa ọkọ̀ sọdá. Lọ́la. Kí n gbé e wá kí òfin wọn tó dé.

ÈMI: Kó tó di oṣù Kejìlá, ẹrú ni. Tí wọ́n bá mú yín lójú omi, wọ́n á ní ó sá lọ ni. Gúúsù ni wọ́n máa tà á sí, wọ́n á sì ju ìwọ sẹ́wọ̀n.

ENOCH: Tó bá di oṣù Kejìlá ńkọ́?

ÈMI: Ó ti di òmìnira níyẹn. Ọ̀hún ò ní fẹ́ kó dúró. Ìhín ò ní fẹ́ kó wọlé.

ENOCH: Bẹ́ẹ̀dì yẹn ti parí o, Mahala.

ÈMI: Mo rí i.

ENOCH: Mo gé ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú, kó lè rọrùn fún un láti gùn.

25.

Ọjọ́ tí wọ́n parí. Mo gbá èyí lábẹ́ àga Thackston.

> ÌPINNU ÌDÚPẸ́. Àpérò yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ alága fún sùúrù rẹ̀. Lọ́wọ́ àlùfáà fún àdúrà. Lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Hofer fún ilẹ̀kùn. Àti lọ́wọ́ Àǹtí Mahala, fún ìmọ́tótó. Gbogbo ilé fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó lòdì.

Wọ́n dìde, gbogbo wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Pruett fẹnu súfèé. Thackston ló kọ́kọ́ dìde.

Mo tẹríba fún wọn.

Mo tẹríba! Oṣù mẹ́rin ni mo fi kó ìbínú jọ sínú, ìgbà tó yẹ kí n dà á sílẹ̀, ẹ̀yìn mi ló tẹ̀. Mi ò tíì dárí jin ẹ̀yìn mi.

26.

Oṣù Kẹjọ. Wọ́n gbé òfin ìpilẹ̀ fún gbogbo òyìnbó ọkùnrin ìpínlẹ̀ láti dìbò lé. Wọ́n yọ abala tiwa sọ́tọ̀, wọ́n ní kí wọ́n dìbò fún un lọ́tọ̀, kó má bàa kó bá ìyókù. Wọ́n gba òfin ìpilẹ̀. Ìbò tí wọ́n fi gba tiwa tún pọ̀ ju ìyẹn lọ.

27.

> ÌKÉDE
> Gbogbo ènìyàn dúdú tó ń gbé àgbègbè yìí, kí wọ́n wá síwájú akọ̀wé kí ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá tó pé.
> Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú òyìnbó kan wá, tí yóò búra pé òótọ́ ni àpèjúwe rẹ̀.
> Ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ ni ará ìpínlẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá ní, àjèjì ni.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Enoch lọ ní tirẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́ igi ló búra fún un. Ó padà wá sílé.

ENOCH: Akọ̀wé yẹn ò wò mí o. Ó ń bi mí, ó ń kọ, bí ẹni pé mo wà lẹ́yìn ògiri.

ÈMI: Kò wò ẹ́ rárá?

ENOCH: Ẹlẹ́rìí ló ń wò. Èmi, rárá.

(Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú náà.)

ENOCH: Mahala. Kí lò ń rò?

ÈMI: Ìwé mélòó ni wọ́n máa fún mi?

ENOCH: Ọ̀kan. Kí tún ni?

ÈMI: Ọ̀kan.

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó lọ síta, ó ń la igi tí a kò nílò.

28.

Ọjọ́ ogún oṣù Kẹwàá, 1851. Ọ́fíìsì akọ̀wé àgbègbè. Mo ránṣẹ́ pe Thackston pé kó wá jẹ́rìí fún mi. Ó wá. Ó tiẹ̀ wọ kóòtù tó dára. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn pé ohun tí mo bèèrè kéré.

AKỌ̀WÉ: Orúkọ?

ÈMI: Mahala Roan.

AKỌ̀WÉ: Ọjọ́ orí?

ÈMI: Méjìlélọ́gọ́ta.

(Ó kọ ọ́. Kò gbé orí sókè.)

AKỌ̀WÉ: Gíga ńkọ́?

ÈMI: Mo kúrú, sà.

AKỌ̀WÉ: Kúrú. Àpá tàbí àmì?

ÈMI: Iná jó mi lọ́rùn lápá òsì. Kò sí èékánná lórí àtàǹpàkò mi ọ̀tún.

AKỌ̀WÉ: Ọ̀tún. Ó tán?

ÈMI: Tí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo máa ń fọwọ́ bo ẹnu.

AKỌ̀WÉ: Ìyẹn ò sí nínú ohun tí à ń kọ.

29.

Mi ò tíì pé ogójì ọdún. Mo ga ju akọ̀wé lọ. Kò sí àpá kan lọ́rùn mi.

Thackston mọ ọrùn mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni orí ọmọ rẹ̀ fi wà níbẹ̀.

30.

BÓ BÁ BÚRA: Ìwé yẹn á sọdá odò. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá, arúgbó kan tó kúrú á wọlé, á máa jẹ́ Mahala Roan, á sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí Enoch gé lẹ́sẹ̀. Èmi tí mo gbá ilé tí wọ́n ti kọ òfin náà, èmi á di àjèjì tó sá wọ̀lú. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, màá sápamọ́.

BÍ KÒ BÁ BÚRA: Mo ti purọ́ níwájú ìjọba. Ẹ̀wọ̀n ni. Ìyá mi á dúró létí omi títí ọjọ́ á fi pé, wọ́n á sì tún un tà.

31.

AKỌ̀WÉ: Ọ̀gbẹ́ni Thackston, ẹ ti gbọ́ àpèjúwe. Ṣé òótọ́ ni?

(Ó wò mí. Ó wo ọrùn mi. Ó ti yé e.)

THACKSTON: Mahala…

ÈMI: Sà.

THACKSTON: Ta lo… Ṣé ìyá…

ÈMI: Alága ò sọ̀kalẹ̀ níbí o, sà. Orúkọ yín ni wọ́n máa kọ.

AKỌ̀WÉ: Ṣé nǹkan kan wà ni, sà?

(Akọ̀wé ti fẹ́ gbé orí sókè. Mo rí àárín orí rẹ̀ tó pá, mo rí iwájú orí rẹ̀, mo fẹ́ẹ̀ rí ojú rẹ̀.)

THACKSTON: Rárá. Kò sí nǹkan kan. Gbé kálàmù wá.

(Akọ̀wé tún tẹ orí ba. Ó yí ìwé ńlá náà sí i. Thackston ti kálàmù bọ tàdáwà. Ó yọ ọ́. Ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ó yọ ọ́. Ó tún tì í bọ̀ ọ́.)

32.

> ORÚKỌ: Mahala Roan
> ỌJỌ́ ORÍ: 62
> GÍGA: kúrú
> ÀMÌ: àpá iná, ọrùn, òsì, àtàǹpàkò ọ̀tún, kò sí èékánná
> MO BÚRA PÉ ÒÓTỌ́ NI. ORÚKỌ ẸLẸ́RÌÍ LẸ́KÙN-ÚN-RẸ́RẸ́: 
>
> \_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_\_